Sítíárìn Tí Kò Ju Bọ́tìnnì Kóòtù Lọ

"Sítíárìn dà?"

Láti ọjọ́ Sátidé ni Fákúnlé ti ń bi gbogbo àdúgbò Ilare ní ìbéèrè yìí, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tó di àná, ó gbé ẹjọ́ náà dé iwájú Olóyè Ọdẹ́wálé. Ó gbé páálí bàtà kan dání, ó há ìbẹ́pẹ kan mọ́ abíyá. Hakeem tí ó fẹ̀sùn kàn, ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Ìlódè, ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó.

Olóyè ti jókòó ní àgbàlá rẹ̀, àwa ará àdúgbò sì ti pé jọ. Ìyá Àjọkẹ́, igbákejì rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Etí ọ̀tún Olóyè ń yún un. Ó fi ìka méjì di ẹyọ ìgbálẹ̀ kan mú lórí, ó ń fi ìdí rẹ̀ họ etí náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ojú rẹ̀ sì ń ṣe bí ẹni fẹ́ sùn.

"Fákúnlé, ìwọ lo pẹjọ́. Kí ni wọ́n mú?"

"Sítíárìn ọkọ̀ mi ni, Bàbá."

"Ọkọ̀ náà dà?"

Fákúnlé ṣí páálí bàtà. Pijó 504 ló wà níbẹ̀, pupa fòò, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Olóyè wò ó títí. "Ta ló ń wọ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́, Bàbá. Ọkọ̀ àtòpọ̀ ni. Wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń kó o wá láti òkè òkun, àwa la máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ̀yà mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ló ní. Mo ti to mẹ́rìndínlọ́gọ́rin."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mẹ́tàlélógójì, Bàbá. Olùkọ́ físíìsì ni mí."

Ìyá Àjọkẹ́ mí kanlẹ̀. Olóyè ní kó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Ọdún mẹ́fà ni ẹgbẹ́ àwa tó ń to irú ọkọ̀ yìí ti ń kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é. À ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá wa ṣe Pijó wágìnì, irú èyí tí bàbá mi fi kérò láti Ẹdúnàbọ̀n lọ sí Ìbàdàn fún ọdún méjìlélógún. Wọn ò dáhùn rí. Ọdún yìí ni wọ́n fèsì. Wọ́n fi ẹyọ kan ṣoṣo yìí ránṣẹ́, pé ká tò ó, ká ya fọ́tò rẹ̀, ká fi fọ́tò náà ránṣẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yìí tó kọjá. Bí iṣẹ́ wa bá wù wọ́n, wágìnì ni wọ́n máa ṣe tẹ̀ lé e. Bí kò bá wù wọ́n, ó parí nìyẹn."

"Ẹ ya á bẹ́ẹ̀."

"Láìsí sítíárìn, Bàbá? Wọn á ní Nàìjíríà ò mọ ọkọ̀ tò."

Ọ̀rọ̀ ti kan Nàìjíríà. Olóyè jókòó dáadáa.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé Hakeem ni?"

"Nínú ẹgbẹ́ wa, òun nìkan ni kò fẹ́ wágìnì. Típà ló fẹ́ kí wọ́n ṣe."

"Kí ló burú nínú típà?" Hakeem dá sí i. "Típà, ẹ̀yìn rẹ̀ á gbéra, á da yanrìn, á tún padà sílẹ̀. Wágìnì ńkọ́? Ewúrẹ́ lórí, ọmọ tó ń bì nínú."

"Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ nípa ọkọ̀ bàbá mi."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò dárúkọ bàbá yín. Ewúrẹ́ ni mo dárúkọ."

Olóyè na ọwọ́ òsì sí wọn. "Hakeem, ṣé ìwọ lo mú sítíárìn?"

"Èmi kọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo rò pé ó wà lára mi."

"Níbo lára rẹ?"

"Nínú imú."

Ẹyọ ìgbálẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ nínú etí Olóyè.

"Lọ́jọ́ Sátidé, mo tẹrí ba sórí tábìlì ẹ̀gbọ́n láti wò bóyá ọ̀dà sítíárìn ti gbẹ. Ó ṣe mí bíi kí n sín, mo mí sínú gan-an, sísín náà ò sì wá mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti sùn, imú mi á máa dún bíi hòn. Hòn Pijó gan-an ni. Sítíárìn ni wọ́n sì máa ń tẹ̀ kí hòn tó dún. Ẹ rò ó wò, Bàbá."

"Sítíárìn náà tó bọ́tìnnì kóòtù," Fákúnlé sọ. "Báwo ló ṣe fẹ́ gba ihò imú?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo imú mi ná."

Gbogbo wa wò ó. Ká má purọ́, ó lè gbà á.

Ìyàwó rẹ̀, Sùmáyà, ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Bàbá, ẹ má dá a lóhùn. Imú yẹn ti ń dún kó tó fẹ́ mi. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé ilé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jáde lọ wo ẹni tó gbé ọkọ̀ dé."

"Ìyá Raheemah, ẹ̀yìn ta lo wà?"

"Ẹ̀yìn rẹ ni mo wà, bàbá Raheemah. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ."

Olóyè nawọ́ sí ìbẹ́pẹ. "Èyí ńkọ́? Ṣé òun náà wá rojọ́ ni?"

"Ara rẹ̀ ni sítíárìn ti sọnù, Bàbá," Fákúnlé dáhùn. "Bí a bá fẹ́ kun ẹ̀yà kéékèèké, a máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ẹyọ ìgbálẹ̀, a ó fi kútẹ́ẹ̀sì kùn ún, a ó wá gún ìgbálẹ̀ náà mọ́ ara ìbẹ́pẹ kó lè dúró gbẹ."

"Kútẹ́ẹ̀sì tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná?"

"Òun ló ń dán jù, Bàbá."

Ìyá Àjọkẹ́ fọwọ́ tẹ ìbẹ́pẹ wò. Ó ti ń rọ̀. "Bí ẹjọ́ bá parí, ta ló ni í?"

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Bàrákàt ni, òun ló ń ta kútẹ́ẹ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Fákúnlé.

"Ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́fà ni mo rí lára ìbẹ́pẹ lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá. Mo kà á."

"Méje ni," Hakeem sọ.

"Méje náà ni."

Olóyè ní, "O ní mẹ́fà báyìí báyìí."

"Mo gbé kútẹ́ẹ̀sì dúdú wọlé, méje ni nígbà tí wọ́n fi kun ti ìkẹyìn tán. Mẹ́fà nígbà tí mo padà wá gba ìgò mi. Wọn ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀."

"Àwọn wo lo bá níbẹ̀?"

"Àwọn méjèèjì yìí, Bàbá. Àti ẹ̀yin náà."

"Èmi?"

"Ẹ yà kí wọn."

"Mo yà kí wọn lóòótọ́. Ṣé èmi ni wọ́n pè lẹ́jọ́ ni? Máa bá tìrẹ lọ." Ó yí ẹyọ ìgbálẹ̀ po nínú etí.

"Tèmi ti parí, Bàbá."

Ìyá Àjọkẹ́ gbé ìbẹ́pẹ sórí itan, ó ń fi ìka ka ara rẹ̀. "Ihò méje ló wà níbí. Ìgbálẹ̀ mẹ́fà. Kí ló wà lórí keje?"

"Sítíárìn ni, Mà. Dúdú ni mo kùn ún," Fákúnlé dáhùn.

Hakeem fò dìde. "Imú mi bọ́ nínú ẹjọ́ nìyẹn. Mo lè fa sítíárìn símú, ṣùgbọ́n mi ò lè fa ìgbálẹ̀."

Olóyè ronú sí i. Ó wo gígùn ẹyọ ìgbálẹ̀ tó kù lára ìbẹ́pẹ, ó wo imú Hakeem. "Ọ̀rọ̀ yẹn ní làákàyè nínú. Mo dá Hakeem sílẹ̀."

"Fọ́tò mi ńkọ́, Bàbá?" Fákúnlé gbé Pijó rẹ̀ sókè. "Ọ̀túnla ni ọjọ́ Ẹtì."

"Fara balẹ̀. Ìdájọ́ ṣì ń bọ̀. Ẹni tí sítíárìn yìí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ tí àṣírí rẹ̀ bá tú, yóò di ìdérí ìkòkò mú bíi sítíárìn, yóò máa fi ẹnu fọn hòn, yóò fi ẹsẹ̀ wakọ̀ láti Ilare dé Ìlódè lọ́sàn-án gangan. Fákúnlé àti Hakeem á di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí èrò. Yóò dúró ní gbogbo oríta, yóò ké pé, 'Ìlódè, ó ku ẹnì kan.' Bí ẹnì kan náà ò bá wọlé, kò gbọdọ̀ gbéra."

"Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ńkọ́?" Bàrákàt béèrè.

"Á lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó yẹ kó gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Bó bá jẹ́ olóyè?" Ìyá Àjọkẹ́ ló béèrè èyí. Kò gbójú sókè kúrò lára ìbẹ́pẹ.

"Á dé fìlà oyè rẹ̀ lọ, kí àwọn èrò lè mọ dẹ́rẹ́bà."

Bí ìdájọ́ bá ti jáde níwájú Olóyè Ọdẹ́wálé, gbogbo wa, tòun tìkára rẹ̀, la máa gbé ọwọ́ méjèèjì sókè pé a fara mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè yí i padà. Olóyè fa ẹyọ ìgbálẹ̀ yọ létí, ó wá ibi tó máa fi í sí. Ìyá Àjọkẹ́ rọra sún ìbẹ́pẹ sí i. Láìwo ọwọ́ ara rẹ̀, Olóyè gún un bọ ihò keje. Ó wọlé ṣinṣin.

A gbé ọwọ́ sókè. Òun náà gbé tirẹ̀.

Lórí ẹyọ keje, nǹkan róbótó kan dúró, ó dúdú, ó ń dán, ó ní igi mẹ́ta láàárín, kò ju bọ́tìnnì kóòtù lọ.

Ìyá Àjọkẹ́ dìde, ó ní òun ń lọ mú ìdérí ìkòkò wá.