Bàbá Oníbẹ́ẹ̀dì Lọ Ná Ọjà ní Yunifásítì

Ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó ní yunifásítì náà kò ju yàrá kan lọ: tábìlì kan, àga méjì, àti fáànù tó ń yí bíi pé wọn ò sanwó oṣù fún un. Aago méjì ni wọ́n máa tilẹ̀kùn. Bàbá Oníbẹ́ẹ̀dì, tó ti ń kan bẹ́ẹ̀dì tà láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, jókòó síwájú akọ̀wé. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà nínú ìdánwò, bàbá ló wá bá a sọ̀rọ̀ owó: yunifásítì fẹ́ mú ọmọ náà lọ kàwé fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún lókè òkun. Bí bàbá kò bá fọwọ́ sí i lónìí, àyè náà bọ́ nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn, àyà rẹ̀ sì ń já, torí àwọn ọmọ aládùúgbò tó lọ, orí fóònù ni wọ́n ti ń kí ilé títí dòní.

"Bàbá, gbogbo ìnáwó rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án dọ́là, ṣùgbọ́n..."

"Mẹ́rin."

"Sà?"

"Mo ní mẹ́rin. Ẹ má bínú, Màdáàmù, ibẹ̀ ni agbára mi mọ."

"Wọn kì í ná an, sà. Mo fẹ́ sọ fún yín ni pé mẹ́ta péré ló kù tí ẹ máa san."

Bàbá fa àga sẹ́yìn. Kò tíì rí ọlọ́jà tí wọ́n fún ní mẹ́rin tó ní mẹ́ta lòun ń gbà. Ó fura.

"Kí ló ṣe é?"

"Kí ló ṣe kí ni?"

"Ìrìnàjò náà. Bẹ́ẹ̀dì tí mo bá dín owó rẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á ti kán."

"Kò sí nǹkan tó ṣe é, sà. Ilé-ìwé san mẹ́ta torí pé èsì ìdánwò rẹ̀ dáa. Ẹgbẹ́ àwọn tó ti kàwé jáde níbí náà san mẹ́ta."

"Wọ́n mọ̀ ọ́n?"

"Wọn ò mọ̀ ọ́n."

"Wọ́n mọ̀ mí?"

"Rárá, sà."

"Wọn ò mọ̀ ọ́n, wọn ò mọ̀ mí, wọ́n wá gbé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kalẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ mi?"

"Kó kàwé ni."

"Ṣebí ó ń kà á níbí."

Akọ̀wé mí kanlẹ̀. Bàbá rò pé ọjà ti ń rọ̀ nìyẹn. Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó sì rọra jáde, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníbàárà tirẹ̀ ti máa ń ṣe. Ọlọ́jà gidi á ti pè é kó tó kan ilẹ̀kùn.

Kò sẹ́ni tó pè é. Ó fara ti ògiri, ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́, èyí tó le. Nígbà tó yọjú wolé, akọ̀wé ti gbé fáìlì ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti ń ṣí òmíràn.

"Màdáàmù, ẹ ò pè mí."

"Pè yín kẹ̀? Ẹ ti lọ. Mo ti kọ ọ́ pé òbí kọ̀. Ọmọ tó kàn ni mo fẹ́ pè."

Bàbá sáré padà sórí àga. "Ta ló kọ̀? Mi ò lọ o. Ṣe ni mo ń dúró kẹ́ ẹ pè mí. Ṣé ẹ kì í rajà ni?"

"Ibi tí wọ́n ti ń lẹ iye mọ́ ọjà lára ni mo ti ń rà á, sà."

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni bàbá wí, àánú akọ̀wé náà sì ṣe é lóòótọ́.

Akọ̀wé fa fáìlì náà padà. "Ó dáa. Ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ yẹn ti gbé owó yàrá àti bàálù. Mẹ́ta tiyín ni oúnjẹ, ọkọ̀ ìgboro, àti ìtọ́jú bí ara rẹ̀ ò bá yá."

"Ẹ yọ ìtọ́jú. Ara ọmọ mi le."

"Kò ṣeé yọ."

"Ẹ yọ ọkọ̀ nígbà náà. Á rìn."

"Òtútù ibẹ̀ le, sà."

Bàbá rántí ọmọ tó máa ń sá fún fáànù nínú ilé. "Ẹ dá ọkọ̀ padà. Ẹ fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kún un fún ẹ̀wù òtútù. Oúnjẹ ńkọ́?"

"Ẹgbẹ̀rún kan àtààbọ̀."

"Ó kéré. Ẹ fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mìíràn lé e."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ wá ń ná an lọ sókè báyìí. Ó ti di mẹ́rin."

"Ṣé ẹ rí i? Mẹ́rin ni mo pè látàárọ̀."

Akọ̀wé gba mẹ́ta, ó ní kó kó ìyókù fún ọmọ rẹ̀. Bàbá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò dìde.

"Ó tún ku kí ni, sà?"

"Ènì mi."

"Ènì, ní yunifásítì?"

"Ẹni tó bá ra bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ mi, mo máa ń fi pílò kan sí i."

Akọ̀wé wo orí tábìlì. "Bírò ló wà níbí."

Bàbá mi orí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Màdáàmù, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí pé bó bá dé ọ̀hún tán, kò ní wálé mọ́."

Akọ̀wé fa ìwé kan yọ, ó kọjú rẹ̀ sí i. "Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nìyí, sà. Àlọ ló wà lókè. Àbọ̀ ló wà nísàlẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí àbọ̀ yẹn jẹ́ ènì yín."

Bàbá fi ìka tẹ ọjọ́ náà, ó kà á, ó tún un kà. Ìgbà yìí ló wá dìde tó fẹ́ lọ lóòótọ́.

"Ẹ ò tíì mọ ọjà tí ẹ tà, Màdáàmù. Àbọ̀ yẹn ni mo rà. Àlọ ni ènì."