Sípánà Tí Bàbá Télọ̀ Rán

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ti lù. Ní aago mẹ́wàá gééré, àwọn ìgbìmọ̀ ń retí Tíṣà ní ìlú kejì, níbi tí wọ́n ti fẹ́ yan ọ̀gá ilé-ìwé tuntun, ìrìn odindi wákàtí kan sì ni. Mọ́tò rẹ̀ dúró sí àgbàlá Bàbá Télọ̀, bàbá ìyàwó rẹ̀, ibi tó sùn mọ́jú, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló dẹ̀, ó sì ń ké. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tó yẹ kí wọ́n tú kí wọ́n lè fà á le wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọwọ́ ènìyàn kò ti lè wọlé tààrà. Sípánà ọlọ́rùn títẹ̀ tí Tíṣà rà nítorí nọ́ọ̀tì yìí gan-an wà nínú búùtù. Ṣùgbọ́n ní ìdájí, kó tó lanu, Bàbá Télọ̀ ti mú ayùn irin, ó ti ní ẹni tí kò lọ́pọlọ ló ń ra irinṣẹ́ lọ́jà, ẹni tó gbọ́n a máa ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ta ni yóò bá bàbá ìyàwó rẹ̀ jiyàn?

"Ó ti parí!" Bàbá Télọ̀ yọ láti inú ilé, téèpù lọ́rùn, ṣọ́ọ̀kì létí, ohun kan tí wọ́n fi aṣọ wé lọ́wọ́ rẹ̀. "Tíṣà, wá wo iṣẹ́ ọwọ́."

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ ṣeun púpọ̀. Kí ni sípánà náà wọ̀ sọ́rùn?"

"Ẹ̀wù ni. Irin tútù ò dáa lọ́wọ́ láàárọ̀. Wo bọ́tìnnì rẹ̀."

"Sípánà ní bọ́tìnnì?"

"Méjì. Ọ̀kan lè já."

Tíṣà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó wo búùtù. Ó tún wo aago.

"Ó rẹwà, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká yára fi tú nọ́ọ̀tì yẹn."

"Kí là ń yára fún? A ò tíì wọ̀ ọ́ wò. Sùúrù ni baba ìwà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n aago ni baba tèmi láàárọ̀ yìí."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ rọra o."

Bàbá Télọ̀ tẹ̀ wọ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì títí ó fi ku ìdí àti bàtà níta.

"Ó wọlé!" Ohùn rẹ̀ ń jáde láti abẹ́ bátìrì. "Ọrùn rẹ̀ tẹ̀ síbi tó yẹ kó tẹ̀. Ẹni tó bá ti gé ọrùn ẹ̀wù fún ogójì ọdún, kí ni ọrùn sípánà fẹ́ fi yé e?"

"Ṣé ó di nọ́ọ̀tì náà mú?"

Bàbá Télọ̀ yí sípánà, ó tún yí i, ó tún yí i.

"Bàbá?"

"Ó ṣò díẹ̀."

"Díẹ̀ báwo?"

"Mo ti yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nọ́ọ̀tì ò tíì mọ̀ pé àlejò dé."

"Ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́n, Bàbá! Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ tún fi bébà gé àwòrán rẹ̀ lé irin lórí."

"Ìwọ̀n ò ní àṣìṣe kankan. Àlékún tí mo fi sí i ló jẹ́ kó ṣò."

"Àlékún wo?"

"Díẹ̀ lápá ọ̀tún, díẹ̀ lápá òsì. N kì í gé nǹkan mọ́ni lára pinpin. Oníbàárà a máa sanra."

"Bàbá, nọ́ọ̀tì ni."

"Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀tì ni."

"Nọ́ọ̀tì kì í sanra."

"Bí gbogbo yín ṣe ń wí nìyẹn lọ́jọ́ tí a bá ń wọ̀n yín. Ìwọ náà sọ bẹ́ẹ̀ kí o tó fẹ́ ọmọ mi. Wo ikùn."

Tíṣà fa ikùn sínú.

"Bàbá, bí ẹnì kan bá wà nítòsí tó ní sípánà tirẹ̀ ńkọ́?"

"Ta lẹni náà?"

"Kò sí o. Mo kàn ń béèrè ni."

"Kó jókòó sílé rẹ̀. Aṣọ tó bá ṣò, dídín là ń dín in. Bá mi mú agolo mílíìkì tó ṣófo yẹn wá."

Ó fi àlùmọ́gàjí gé agolo náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ká a sí ẹnu sípánà nínú, ó fi òòlù kékeré lù ú mọ́lẹ̀ kó má baà yọ.

"Ìgbátí nìyẹn, bí etí aṣọ tí a ká sínú," ni ó wí. "Ilé ọba tó jó ni, ẹwà ló bù sí i."

Ó tún tẹ̀ wọ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Irin dún kẹ́, ó tún dún kẹ́.

"Ó ń tú!"

"Ẹ má ṣeré, Bàbá!"

"Bá mi fi igi ti bẹ́líìtì yẹn kó le!"

Tíṣà tì í tagbára-tagbára, Bàbá Télọ̀ di nọ́ọ̀tì náà padà. Wọ́n ṣíná mọ́tò, bẹ́líìtì kò sì ké mọ́. Inú Tíṣà dùn débi pé ó gbàgbé ara rẹ̀. Ó gbé báàgì, ó ṣí búùtù láti jù ú síbẹ̀. Sípánà ọlọ́rùn títẹ̀ nà gbalaja lórí àpótí, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á.

"Kí nìyẹn?"

"Irin ni, Bàbá."

Bàbá Télọ̀ yọ ọ́ nínú ọ̀rá. Ó fi téèpù wọn ẹnu rẹ̀.

"Ọrùn rẹ̀ tẹ̀."

"Ó tẹ̀, Bàbá."

"Ó bá nọ́ọ̀tì yẹn mu."

"Ó bá a mu, Bàbá."

"Ìgbà wo lo rà á?"

"Lọ́dún tó kọjá."

"O wá dúró láti ìdájí, ò ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún mi!"

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹni tí kò lọ́pọlọ ló ń rà á."

"O sì gbà?"

"Bàbá ìyàwó mi ni yín. Kí ni kí n sọ?"

Ojú ti Bàbá Télọ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n àgbà tí ojú bá tì, ìmọ̀ràn ló máa ń gbani. Ó ti búùtù, ó lọ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó dúró níwájú mọ́tò, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e. Tíṣà ti jókòó sídìí ọkọ̀.

"Olùkọ́ mélòó lo fẹ́ lọ ṣe ọ̀gá lé lórí?"

"Mẹ́rìnlélógún, Bàbá. Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Bí àgbà kan nínú wọn bá pẹ́ dé, kí lo máa sọ fún un?"

"Màá ní ẹ kú ìrìn."

"Bó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ ńkọ́?"

"Màá rọra..."

"O ó bá a di tọ́ọ̀ṣì mú! Èyí ò dáa. Gbọ́ mi. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi, ọkùnrin kúkúrú kan báyìí..."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"...ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, bó bá fẹ́ gé sòkòtò tara rẹ̀..."

"Bàbá, ẹ wo aago."

"Má já lu ọ̀rọ̀ mi. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan kó aṣọ mẹ́fà wá..."

"Bàbá! Ẹ kúrò lọ́nà!"

Bàbá Télọ̀ fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tíṣà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rù bà á ju bí ìgbìmọ̀ èyíkéyìí ṣe lè dẹ́rù bà á lọ.

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Ẹ̀rín bo Bàbá Télọ̀ lójú. "Ohùn ọ̀gá nìyẹn! Ohùn yẹn ni kí o gbé débẹ̀!"

"Ẹ má bínú, Bàbá, ẹnu mi ló..."

"Má bẹ̀bẹ̀, wàá bà á jẹ́! Máa lọ!"

Mọ́tò gbéra. Ó ti ń yọ lẹ́nu géètì nígbà tí Bàbá Télọ̀ sáré bá a, tó gbá gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Tíṣà! Bí o bá padà dé, tí o tún fi ohùn yẹn bá mi sọ̀rọ̀, màá gba ọmọ mi padà."