Fọláhàn Ajírọ́tutù, Ojú Tó Rí Ìjì Kí Ìjì Tó Jà

Ẹ ti fura, ẹ kò sì ṣìnà: ọkùnrin tí mo fẹ́ gbé orúkọ rẹ̀ ga lónìí yìí kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí òun àti bọ́ọ̀lù pàdé, ìpàkọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti pàdé, nígbà tó kẹ̀yìn sí pápá tó ń ṣàlàyé fún ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe yẹ kí wọ́n gbá a. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé dandan ni kí akọni fẹsẹ̀ kan nǹkan kó tó di akọni? Ẹnu ni Fọláhàn fi ń jagun tirẹ̀, ẹnu náà kò sì tíì rẹ̀ ẹ́ rí.

Fọláhàn ni mò ń pè, akọ̀wé àgbà ní pósí ọ́fíìsì ìlú Òkè-Ìròkò nígbà kan, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí sítáǹbù tí kò sì fẹ̀yìn tì nídìí ọ̀rọ̀. Ọmọ Ajírọ́tutù ni, ẹni tó máa ń wo bọ́ọ̀lù láti orí igi máńgòrò ẹ̀yìn pápá, tí ẹ̀ka igi dá mọ́ nídìí lọ́jọ́ kan, tó já lu rẹfirí mọ́lẹ̀, tó sì sọ fún rẹfirí náà kí ó tó dìde lórí rẹ̀ pé ọ́fúsáìdì ni. Ọmọ-ọmọ Ajírọ́tutù àgbà ni pẹ̀lú, tí bọ́ọ̀lù kò tíì dé ìlú wa rárá kí ọlọ́jọ́ tó dé bá a, ṣùgbọ́n tí àwọn ẹbí ń fi dá wa lójú títí dòní pé ká ní ó bá bọ́ọ̀lù láyé, ì bá mọ̀ ọ́n ju gbogbo èèyàn lọ. Láti inú irú ẹ̀jẹ̀ báyìí ni Fọláhàn, tí gbogbo ìlú ń pè ní Baba Alátìlẹ́yìn, ti ṣẹ̀ wá: ohùn tó ń dún bíi mẹ́gáfóònù láìlo bátìrì, ìka tó ń tọ́ka sí àṣìṣe kí aláṣìṣe tó pinnu láti ṣe é, àgbàlagbà tí àwọn rẹfirí máa ń kọ́kọ́ wá ojú rẹ̀ láàárín èrò kí wọ́n tó fọn fèrè, kí wọ́n lè mọ ẹ̀gbẹ́ tí wọn kò ní yà sí.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa ni wọ́n ń pè ní Ìjì Òkè-Ìròkò. Ojúlówó ẹgbẹ́ ni, iṣẹ́ ni wọ́n fi bọ́ọ̀lù ṣe, wọ́n sì ń gba owó oṣù nínú oṣù tí owó bá jáde. Lọ́dọọdún, kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń pe ẹgbẹ́ kan wá sí pápá ìlú láti bá wọn gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè fi dánra wò. Lẹ́yìn rẹ̀, àwa alátìlẹ́yìn á ṣèpàdé. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá ròyìn ìdánrawò náà tó dùn mọ́ ilé jù lọ ni yóò gba àyè kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ yọ̀ǹda fún wa nínú bọ́ọ̀sì àwọn agbábọ́ọ̀lù, tí yóò bá wọn rin ìrìn àjò àkọ́kọ́ nínú sáà. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni àyè náà wà. Àárín àwọn agbábọ́ọ̀lù gan-an ni, níbi tí èèyàn ti lè fi ìgúnpá kan ìgúnpá atamátàsé, kó sì fi ìyẹn ṣe ìtàn jẹun títí ọjọ́ alẹ́.

Àyè yìí ni Fọláhàn ń wá bí àwọn ọba ayé àtijọ́ ṣe ń wá ìlú kún ìlú, kò sì rí i gbà. Nọ́ọ̀sì Rẹ̀mílẹ́kún ti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ló ń gbé e lọ lọ́dọọdún, nítorí pé ohun tí obìnrin náà bá rí nìkan ló máa ń sọ, ìwà kan tí Baba Alátìlẹ́yìn kà sí àìní ẹ̀bùn. Lọ́dún yìí, Ọlọ́run gbọ́ àdúrà akọni. Iṣẹ́ ọ̀sán bọ́ sí Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìdánrawò gan-an. Ó tún wá ku ohun kan tó dáa jùyẹn lọ: ẹgbẹ́ ti ta gbogbo agbábọ́ọ̀lù tí a mọ̀, wọ́n sì kó tuntun dé láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó fi jẹ́ pé kò sẹ́nì kankan nínú wa tó tíì mọ ojú wọn. Àfi Fọláhàn. Ó ní òun kò nílò ojú. Ó ní bí wọ́n bá da àpò bo agbábọ́ọ̀lù Ìjì lórí, ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ lòun máa fi dá a mọ̀.

Lọ́jọ́ náà, òjò kọ́kọ́ rọ̀, ó sì lé ọ̀pọ̀ èèyàn sílé. Ìwọ̀nba àwa tí a kò níṣẹ́ méjì la wà níbẹ̀. Èmi tètè dé, mo sì rí ohun gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀. Fọláhàn náà tètè dé, ṣùgbọ́n ẹnu géètì ló ti ja ogun rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọlọ́dẹ tó wà níbẹ̀ sọ fún un pé ọ̀fẹ́ ni, kí ó máa wọlé. Àgbàlagbà náà bi í pé ọ̀fẹ́ fún ta ni. Ọlọ́dẹ ní fún gbogbo èèyàn ni. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, nítorí ọmọ Ajírọ́tutù kì í bá gbogbo èèyàn wọlé. Ilẹ̀kùn kékeré ti àwọn lọ́balọ́ba ló ní kí wọ́n ṣí fún òun, ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí mọ́ láti ìgbà tí ẹyẹ ti kọ́lé sínú ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó dó ti géètì yẹn bí àwọn jagunjagun ṣe ń dó ti odi ìlú, ó halẹ̀, ó ka orúkọ àwọn àgbà tó mọ̀, ó ka orúkọ àwọn tí kò mọ̀, títí ọlọ́dẹ fi lọ wá kọ́kọ́rọ́ nílé, tó tú ìtẹ́ ẹyẹ, tó sì ṣílẹ̀kùn. Báyìí ni akọni ṣe wọ pápá gẹ́gẹ́ bí aṣẹ́gun, tí koríko ìtẹ́ ẹyẹ lẹ̀ mọ́ fìlà rẹ̀ bí ẹ̀yẹ oyè. Eré sì ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Bó ṣe jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn tó wọ jẹ́sì aláwọ̀ ewé gbá bọ́ọ̀lù kan sáwọ̀n. Àwọ̀ ewé ni àwọ̀ Ìjì láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn ìkejì wọ ẹ̀wù péńpé aláwọ̀ ọsàn kan báyìí tí kò lápá. Mo yíjú sí i, mo ní, “Baba, kí ẹ tó dé—”

Ó gbé ọwọ́ sókè. “Èmi ti ń wo Ìjì kí wọ́n tó bí ẹ. Wòran rẹ.”

Mo wòran mi.

Háà, ẹ̀yin ará, ká ní ẹ gbọ́ bí ó ṣe kì wọ́n lọ́jọ́ náà. Atamátàsé tó wọ nọ́ńbà mẹ́sàn-án nínú àwọn aláwọ̀ ewé jẹ́ ọkùnrin kúkurú kan tó ti yọkùn díẹ̀, tí irun iwájú orí rẹ̀ sì ti ń dágbére fún un. Níbi tí ojú lásán bá ti rí ikùn, Fọláhàn rí àgbá tí wọ́n kó agbára pa mọ́ sí. Níbi tí ojú lásán bá ti rí orí pípá, ó ní ẹ wo orí tí wọ́n dìídì tún ṣe kí bọ́ọ̀lù má bàa yọ̀. Ó pè é ní Àrá Ọ̀sán Gangan, Ọ̀kánjúwà Inú Àwọ̀n, Erin Tó Ń Sáré Bíi Túùpú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí Àrá bá sáré díẹ̀ ló ń dúró fọwọ́ lé orúnkún. Nọ́ńbà mẹ́rin wọn pàápàá, tó máa ń na ìka sí àwọn aláwọ̀ ọsàn pé kí wọ́n dákẹ́ ariwo, tí wọ́n sì ń dákẹ́ ní tòótọ́, Fọláhàn ní kí n wo ohun tí wọ́n ń pè ní àṣẹ. Ó ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kọ́, àmútọ̀runwá ni.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ilé ìwé láti Abà-Ọba ni Ìjì pè wá bá wọn dánra wò lọ́dún yìí. Nítorí náà ni ẹ̀fẹ̀ Baba Alátìlẹ́yìn kò fi jìnnà. Ó ní kí àwọn aláwọ̀ ọsàn padà sídìí ṣọ́ọ̀kì wọn. Ó ní ẹni tó bá ń kọ́ni ní ìṣirò gbọ́dọ̀ lè ka góòlù tó ń wọlé. Àwọ̀n aṣọ́lé wọn ló sún mọ́ wa, ọ̀dọ́kùnrin gàgàrà kan tí ojú ti ń pọ́n. Nígbà tí góòlù kẹta wọlé, Fọláhàn dìde dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu bí àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń pe ìpè ogun.

“Tíṣà,” ló wí, “ṣé ìwé ìdánwò lò ń máàkì níbẹ̀ ni? Bọ́ọ̀lù ti kọjá o.”

Aṣọ́lé náà yíjú wo àgbàlagbà yìí. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ojú kan sórí.

Nígbà ìsinmi ààbọ̀ eré, Kóòṣì Ẹ̀ṣọ́, akọ́nimọ̀ọ́gbá Ìjì, kó àwọn aláwọ̀ ọsàn jọ sábẹ́ igi, ó ń pariwo mọ́ wọn, ó ń fi fìlà rẹ̀ lu ilẹ̀. Mo tún la ẹnu, mo ní kí Baba wo ibi tí Kóòṣì dúró sí. Ó wò ó, omi sì lé sí i lójú. Ó ní òun ti mọ ọkùnrin náà sí ọlọ́kàn rere, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ pé ó tó báyìí, pé ó fi àwọn ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀ tó ń kọ́ àwọn àlejò lọ́fẹ̀ẹ́. Mo pa ẹnu mi dé, mo sì fi ẹ̀pà dí i.

Mẹ́rin sí òdo ni eré parí. Kí fèrè tó dákẹ́, akọni ti wọ pápá, ó gbá nọ́ńbà mẹ́sàn-án mọ́ra, ó sì gbìyànjú láti gbé e sọ́rùn, ohun tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà á láyè láti ṣe. Ó sọ fún un pé gbogbo Nàìjíríà á gbọ́ orúkọ rẹ̀ lọ́dún yìí.

“Ẹ ṣé o, Baba,” ni Àrá Ọ̀sán Gangan wí, ó ń mí gùlegùle. “Ẹ jẹ́ n tètè máa lọ. Mo ní àwọn ọmọ tí mo fẹ́ kọ́ láàárọ̀.”

Fọláhàn bojú wò mí. Ó ní ṣé mo gbọ́, pé ọmọ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ sáà tó ti ń ro ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní ọjọ́ ìpàdé, ilé kún. Ìròyìn tí Fọláhàn ṣe níjọ́ náà, kò sí ọba tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún nígbà tó tìdí ogun bọ̀. Ó fi àga ṣe òpó góòlù, ó fi ife omi ṣe bọ́ọ̀lù, ó fi orí alága wa ṣe orí atamátàsé. Ó ní òun ti rí ẹgbẹ́ tó máa gba ife, òun ti fọwọ́ kàn wọ́n. Nọ́ọ̀sì Rẹ̀mílẹ́kún, tí kò wà níbẹ̀, béèrè ohun kan péré: kí ni wọ́n ń pe nọ́ńbà mẹ́sàn-án náà? Baba wò ó bí ẹni wo ọmọ tó ń sunkún lóru.

“Nọ́ọ̀sì,” ló wí, “ẹni tí ayé gbogbo máa tó mọ̀, ṣé èmi ni mo máa wá jókòó sọ orúkọ rẹ̀ fún yín?”

Ilé pariwo pé ó dáhùn. Alága wá yíjú sí mi, ó bi mí pé ṣé èmi náà wà ní pápá. Mo ní mo wà níbẹ̀. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni àwọn aláwọ̀ ewé na àwọn aláwọ̀ ọsàn. Mo ní mẹ́rin sí òdo. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì fún Fọláhàn Ajírọ́tutù ní àyè ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Nọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ọ̀nà á dáa.

Màídúgùrì ni wọ́n fẹ́ lọ. Gbogbo àwa alátìlẹ́yìn la sìn ín dé ìdí bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi sì ni mo bá a gbé báàgì. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé lókè, ó wọ aláwọ̀ ewé nísàlẹ̀, ó ní kí wọ́n so aṣọ funfun kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sí lára pé ÌJÌ Ń BỌ̀, Ẹ WÁBI SÁ SÍ. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, ó sì kéde fún Òkè-Ìròkò àti agbègbè rẹ̀ pé láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ojú ń pè ní ojú, kó wá wo ti ọmọ Ajírọ́tutù, tó rí Ìjì kí Ìjì tó jà. Wọ́n hó yèè. Ó wọlé.

Mo gbé báàgì tẹ̀ lé e. Mo rí i tó ń wo ọ̀tún, tó ń wo òsì, tó ń wá orí pípá kan àti ikùn kan. Kò rí wọn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin gíga ló kún ibẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, gbogbo wọn sì ń wò ó. Àyè fèrèsé rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ká apá mọ́ àyà, àwọn orúnkún rẹ̀ gùn dé ẹ̀yìn àga iwájú.

“Kóòṣì,” ni Baba wí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀, “nọ́ńbà mẹ́sàn-án ńkọ́?”

Kóòṣì Ẹ̀ṣọ́ ní kí ó jókòó kí àwọn máa lọ, ọ̀nà jìn.

Ọ̀dọ́kùnrin gàgàrà náà fà sẹ́yìn kí ó lè ráyè kọjá. “Ẹ jókòó, Baba,” ló wí. “Mo ti máàkì ìwé mi tán.”

Ẹgbẹ́ méjèèjì ló wọ aṣọ aláwọ̀ ewé wá sí pápá lọ́jọ́ ìdánrawò. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Kóòṣì Ẹ̀ṣọ́ ní kò dáa kí a ní kí àlejò bọ́ aṣọ nílé wa, ó sì pín ẹ̀wù ọsàn fún àwọn ọmọ tirẹ̀. Àwọn olùkọ́ Abà-Ọba ló fi mẹ́rin sí òdo na Ìjì.