Ẹ̀rọ Tó Ń Fojú Wọn Ènìyàn

Ilé ìránṣọ kan wà lókè àtẹ̀gùn, yàrá méjì péré: obìnrin mẹ́rin ń ránṣọ ní tìta, Ìyá Abẹ́rẹ́ nìkan ló jókòó sí tinú, òun àti fóònù kan tí wọ́n gbé ka ìdúró, àti ife tíì rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ni kọ́ńpìnnì náà, òkè òkun ló sì ti ń tajà. Ilé ìránṣọ yìí ni Ayẹ̀wéwò wọlé sí láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé kọ̀ǹpútà mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, tí ìwé kún orí rẹ̀ débi pé ojú ò ráyè ríran.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ̀rọ ni mo wá yẹ̀ wò."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Mẹ́rin ló wà ní tìta. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé máa ń já òwú."

"Kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ, Màmá. Ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n ni. Èyí tí ọmọ yín fi ń polówó fún àwọn oníbàárà lókè òkun: ẹ ya fọ́tò méjì, iwájú àti ẹ̀gbẹ́, ẹ fi ránṣẹ́, ẹ̀rọ á wọ̀n yín láìfọwọ́kàn. Kí ẹ tó mumi tán, nọ́ńbà yín ti jáde."

"Ó ń jáde àbí kì í jáde?"

"Ó ń jáde. Bó ṣe ń jáde ni òfin fẹ́ mọ̀."

"Òfin ibo?"

"Òfin òkè òkun."

"Èmi ò débẹ̀ rí."

"Fọ́tò tó wà lọ́dọ̀ yín ti ibẹ̀ wá. Ibi tí ẹni tó ni fọ́tò bá ń gbé, òfin ibẹ̀ ló ń bá fọ́tò rẹ̀ rìn, ibi yòówù kó dé."

Ìyá Abẹ́rẹ́ rò ó wò. "Bí ọmọ tó relé ọkọ. Ojú ìyá rẹ̀ ṣì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀."

"Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè mọ́kànlélógójì ni. Bí n kò bá fi ìdáhùn ránṣẹ́ kó tó di ọ̀sán òní, láti Mọ́ńdè tó ń bọ̀, aṣọ yín kan ò ní kọjá bodè mọ́."

Ìyá Abẹ́rẹ́ wo ẹnu ọ̀nà. Obìnrin mẹ́rin ló wà ní tìta yẹn, ọmọ mọ́kànlá ló sì ń ti ojú abẹ́rẹ́ wọn jẹun. Ó sún ife tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bèèrè."

"Níbo ni ẹ̀rọ náà wà?"

"Iwájú rẹ."

Ayẹ̀wéwò wo fóònù orí ìdúró, ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?"

"Ìyá ọkọ mi."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe?"

"Iṣẹ́ wàhálà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á ní kí n wo ènìyàn tó ń kọjá lọ lójú pópó, kí n pe iye ínṣì ìbàdí rẹ̀. Bí mo bá ṣì í pè, igi ìwọnṣọ ni lórí ìka. Ọdún mẹ́fà gbáko."

Ayẹ̀wéwò ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì ń kà á jáde: "Wọ́n kọ́ ọ fún ọdún mẹ́fà. Ìyá àgbà kan ló ń tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe. Ó dáa bẹ́ẹ̀, Màmá, òfin fẹ́ràn kí ènìyàn máa tọ́ ẹ̀rọ sọ́nà. Ṣé ó máa ń ṣojúsàájú?"

"Rárá o. Olówó ń fa ikùn sínú, tálákà ń fa ikùn sínú. Ínṣì kọ̀ọ̀kan ni mo fi ń kún ti gbogbo wọn."

"Ẹ má máa sọ pé 'mo', Màmá. Ẹ̀rọ ni kí ẹ máa sọ, kí fọ́ọ̀mù má bàa dàrú."

"Ẹ̀rọ ń fi ínṣì kọ̀ọ̀kan kún un."

"Ẹ ṣé. Ṣé ó ti ṣàṣìṣe rí?"

"Wọ́n ní ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin kan fi fọ́tò ránṣẹ́, ẹ̀rọ fi ínṣì mẹ́rin kún ikùn. Obìnrin yìí dá aṣọ padà, ó ní a sọ òun di àgbá. Oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀ ló kọ̀wé pé ṣé aṣọ yẹn ṣì wà nílẹ̀."

"Kí ló wá dé?"

"Oyún ló dé. Òun alára ò tíì mọ̀ nígbà tó ya fọ́tò."

Ayẹ̀wéwò fọwọ́ bo ẹnu. "Màmá! Ohun tí òfin kórìíra jù nìyẹn. Ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ tú àṣírí ara oníbàárà."

"Ta ló tú u? Ṣé ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ni? Aṣọ ló gé."

Ayẹ̀wéwò fa ilà sábẹ́ ohun tó kọ, ó bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn. "Níbo ló ń tọ́jú nọ́ńbà àwọn oníbàárà sí?"

"Inú orí."

"Orí ẹ̀rọ?"

"Ṣé orí tìrẹ ni?"

"Ṣé orí náà ní kọ́kọ́rọ́?"

"Ó ní. Àfi bí wọ́n bá múnú bí i ló máa ń ṣí."

"Bí ẹ̀rọ bá fẹ́ ṣàṣejù, ta ló lè pa á?"

"Ọkọ mi gbìyànjú ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Òun ló ṣáájú lọ."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Bí oníbàárà bá wá ní kí ẹ̀rọ gbàgbé òun ńkọ́? Òfin ní ó gbọ́dọ̀ gbàgbé."

"Kí oníbàárà fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rọ ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ó ti ń gbàgbé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́."

Ayẹ̀wéwò wo fóònù. Ó wo ìyá. Ó tún wo fóònù.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan ẹ̀rọ yìí kí n rí bó ṣe ń ṣe."

Ìyá Abẹ́rẹ́ mu tíì díẹ̀. "Dìde. Yí ẹ̀gbẹ́. Má fa ikùn sínú."

Ó dìde, ó yí ẹ̀gbẹ́. Kò mọ ìdí tó fi ṣe é.

"Àyà, méjìdínlógójì. Ìbàdí, ogójì. Èjìká òsì rẹ relẹ̀ ju tọ̀tún lọ, ibẹ̀ lo máa ń gbé báàgì kọ́. Ṣòkòtò yẹn kì í ṣe tìrẹ."

"Ti ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ó fi ínṣì méjì ga jù ọ́ lọ, kò sì tíì mọ̀ pé o mú un."

"Kò tíì mọ̀."

Téèpù wà lórí tábìlì. Ayẹ̀wéwò mú un, ó wọn ara rẹ̀. Méjìdínlógójì. Ogójì. Ó rọra jókòó.

"Màmá, kò sí ẹ̀rọ."

"Ìgbà tí mo ní iwájú rẹ ló wà, ta lo rò pé ó jókòó síbẹ̀?"

"Ẹ̀rọ ni gbogbo wọn gbà pé ó ń wò wọ́n! Ọmọ yín kọ ọ́ gàdàgbà pé ojú ènìyàn kankan ò ní kan fọ́tò wọn. Àwọn mìíràn, àwọ̀tẹ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n fi yà á!"

Ife tíì dúró ní agbede méjì ẹnu àti tábìlì.

"Ó kọ ọ́ pé kí ni?"

"Pé ojú ènìyàn ò ní kàn án."

"Èmi rò pé wọ́n fọkàn tán mi ni."

Ní tìta, ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé já òwú, ẹnì kan sì ṣépè fún un.

Ayẹ̀wéwò rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ ká gba ibi tó rọrùn jù. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló bá fọ́ọ̀mù mu. Ká sòótọ́, ẹ̀rọ mẹ́ta ni mo ti yẹ̀ wò lọ́dún yìí, kò sí èyí tó dáhùn tó yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ni yín."

"Bí o bá kọ òótọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n lè ti ibí yìí pa."

Ìyá Abẹ́rẹ́ tún wo ẹnu ọ̀nà.

"Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mo ti ń ránṣọ fún ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ṣọ, mo máa ń fa kọ́tìnnì fún un. N kò yọjú wo oníbàárà láti ojú ihò rí, ọmọ tí mo bí ò sì ní fi mí ṣe é. Kọ òótọ́."

Ó fa fóònù mọ́ra, ó tẹ ibi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí. "Ọmọ mi, kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, gbé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí síbi tí gbogbo oníbàárà á ti rí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ rẹ máa wọ bàálù wá bá ọ. Kọ ọ́ pé: ìyá àgbà kan ló ń wo fọ́tò yín. Ojú rẹ̀ mú. Ẹ wọ nǹkan sára. Kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn."

Ayẹ̀wéwò gbójú sókè. "Màmá, èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ìlérí ni lójú òfin o. Bí ẹ bá kọ ọ́, ẹ gbọ́dọ̀ mú un ṣẹ."

Ìyá Abẹ́rẹ́ tún tẹ fóònù.

"Ọmọ mi, yọ èyí tó gbẹ̀yìn kúrò."

Ayẹ̀wéwò wá kọ̀wé. Ó kọ ọ́ ní lẹ́tà ńláńlá sí ojú ìwé àkọ́kọ́ pé kò sí ẹ̀rọ kankan níbí, obìnrin àgbàlagbà kan ni, ojú rẹ̀ ló fi ń wọn ènìyàn. Ojú ìwé mẹ́rìndínlógún ló kọ.

"Ta ló máa kà á?" Ìyá Abẹ́rẹ́ bèèrè.

"Ọ̀gá mi lókè òkun. Ènìyàn ni o, Màmá! Àwa kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ dájọ́ kọ́ńpìnnì. Ọ̀gá fúnra wọn ló máa ń kà á láti òkè délẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa retí wọn di ọ̀la."

Ó tẹ̀ ẹ́, ìwé náà lọ. Ìyá Abẹ́rẹ́ sín. Kó tó fọwọ́ nu imú, kọ̀ǹpútà ti dún.

Ayẹ̀wéwò kà á jáde, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "'A kí yín. A ti fara balẹ̀ ka ìwé yín láti òkè délẹ̀. Ẹ ti yege. Aṣọ yín lè máa kọjá bodè. A gbóríyìn fún ẹ̀rọ yín, ó ṣàlàyé ara rẹ̀ dáadáa.'"

Ó pa kọ̀ǹpútà dé. "Ó lè jẹ́ pé ọ̀gá mi máa ń yára kàwé, Màmá."

"Ọmọ tèmi ń pe ènìyàn ní ẹ̀rọ," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí, "ìwọ ń pe ẹ̀rọ ní ọ̀gá. Ẹ̀yin méjèèjì á bá ara yín ṣòwò pẹ́."