Ìlà Tí A Fi Àdúrà Pa Rẹ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kì í fi ìwà agọ̀ wa san án fún wa. Owó ìjọ ni wọ́n fi rán mi níwèé, ilé ìwé girama ìjọ kan náà, l'Ọ́tà níhìn-ín, ni mo sì padà wá di olùkọ́ sí. N kò ní ẹnu tí mo lè fi dúpẹ́ tán. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ mi dé òpin yóò mọ ìdí tí mo fi sáré dúpẹ́ kí n tó sọ ohunkóhun.

Ọjọ́ kan wà tí kò ní parẹ́ lọ́kàn mi, kódà bí mo bá darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi. Nígbà náà, ṣọ́ọ̀ṣì ń hù bí olú lójú ọ̀nà Ìdíròkò, yunifásítì sì ń sọ oko ẹ̀gẹ́ di ìlú. Mo ní ọmọ kan ní kíláàsì mi, Tóyìn ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ sì ń ṣa ìgò ní ilé iṣẹ́ kan ní Sàǹgó. Ọmọ yìí mọ eré é sá! Bó bá gbéra, àfi bí ẹni pé ilẹ̀ ń jó o lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin kan láti yunifásítì tó wà nítòsí Ìyànà Ìyẹsí gbọ́ nípa rẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀ wá wo Tóyìn àti àwọn ọmọbìnrin mìíràn lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó bá tẹ́ òun lọ́rùn, ọ̀fẹ́ ni yóò kàwé. Tóyìn kò ní ọ̀nà mìíràn. Bí èyí bá fi yẹ̀, ìdí ìgò bíi ti ìyá rẹ̀ ló ń lọ.

Níbo ni yóò wá ti sáré? Pápá ìṣeré tí ìjọba kọ́ fún wa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn agbábọ́ọ̀lù ti jókòó tì í bí ẹni jogún ilé. Ẹ̀gbẹ́ títì Àtàn ni Tóyìn ti ń sáré, láàárín tírélà àti ọ̀kadà. Èyí ló gbé mi dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, níwájú ọ̀gá tó ń rí sí eré ìdárayá. Kóòṣì Ràṣídì náà wà níbẹ̀. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ Ọ̀tà ní bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ panẹ́ẹ̀lì, títún ara ọkọ̀ ṣe, ló sì fi ń jẹun.

Mo ní, "Ọ̀gá, owó gbogbo ìlú ni ẹ fi kọ́ pápá yìí. Aláta san níbẹ̀, ọlọ́kadà san níbẹ̀. Ta ni ẹ bi nínú wọn bóyá bọ́ọ̀lù nìkan ló fẹ́ràn?"

Kóòṣì rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, bí gbogbo ẹsẹ̀ tó wà l'Ọ́tà bá ń tẹ koríko yẹn, kò ní ku koríko. Ẹ jẹ́ kó máa sáré lójú títì. Ṣebí ìjọba náà ló ṣe títì?"

Inú bí mi. "Ó dáa. Bí tírélà bá wá gbá a, ṣé ẹ̀yin lẹ máa gbé òkú rẹ̀ lọ fún ìyá rẹ̀?"

Kóòṣì kàn ń wo ilẹ̀. Èmi rò pé ìgbéraga ni. Ọ̀gá ní òun yóò ronú sí i, òun yóò sì pè mí lórí fóònù. Mo jáde, mo sì pinnu pé n kò ní dúró de ẹran ara. Mo pe ẹgbẹ́ àdúrà wa, a wọ inú ààwẹ̀. Ìlànà wa ni pé bí a bá ti wọ ààwẹ̀ báyìí, gbogbo wa á pa fóònù wa, kí ariwo ayé má baà dí wa lọ́wọ́. Èmi gan-an ni mo máa ń yẹ̀ wọ́n wò, bóyá ẹnì kan ti jí tirẹ̀ tàn.

Èmi náà ni mo dábàá pé kí a fi ẹsẹ̀ wa gba ilẹ̀ pápá náà kí ojú tó mọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ wa bá tẹ̀, tiwa ni. A wọ aṣọ funfun, a bọ́ bàtà nítorí pé ilẹ̀ mímọ́ la fẹ́ sọ ọ́ dà, a sì gba ibi tí ọgbà ti ya, ibi tí ewúrẹ́ ń gbà, wọlé. Sístà Déborà, ọ̀kan nínú wa, há síbẹ̀. A fà á títí tí aṣọ rẹ̀ fi ya. Ó ní, "Ẹ má dúró, ọ̀tá ló dì mí mú!" Ọ̀tá kọ́ o, wáyà ni.

A bẹ̀rẹ̀ sí í yí pápá náà ká nínú òkùnkùn, ní etí ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo ń pariwo pé, "Ẹ tẹ̀ ẹ́! Ẹ fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ!" Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń wọ́ ọ. Nǹkan kan rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ó ń tutù yọ̀ọ̀. Sístà Déborà kígbe pé ògo lòun ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ mọ̀ yẹn. Èmi ní "Àmín!" Nígbà tí mo dé ibi tí mo rò pé eré yóò ti bẹ̀rẹ̀, mo da ìgò òróró ìyàsímímọ́ kan síbẹ̀, odidi rẹ̀, kí ẹsẹ̀ Tóyìn lè rọrùn.

Àfi bí tọ́ọ̀ṣì ṣe tàn sí wa lójú. Mẹ́gáàdì ni. Kí ni kí bàbá náà rò? Obìnrin rẹpẹtẹ nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, tí ọ̀kan nínú wọn ń da nǹkan sílẹ̀!

"Ẹ dúró ńbẹ̀! Kí lẹ wá rì mọ́lẹ̀?"

"Bàbá, ọmọ Ọlọ́run ni wá o."

"Ọmọ Ọlọ́run tó gba ọ̀nà ewúrẹ́ wọlé? Ẹ jókòó!"

A jókòó. Èmi, olùkọ́, lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó fi fèrè rẹ̀ pariwo títí Kóòṣì Ràṣídì fi dé pẹ̀lú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ bíi mélòó kan. Ìrun àárọ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí tán, ojú ọ̀run sì ti ń là. Kóòṣì wò wá, ó wo ilẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lérí.

"Mọ́mì," ó rọra sọ ọ́, "ẹ wo ẹsẹ̀ yín."

Mo wò ó. Ẹsẹ̀ mi funfun dé kókósẹ̀ bíi ti adìyẹ àgíríkì. Ẹsẹ̀ gbogbo wa rí bẹ́ẹ̀. Ẹfun lúbúlúbú ni.

"Àná ni ọ̀gá ti fọwọ́ sí i pé kí ẹ máa lo pápá. Ó pè yín, ó pè yín, fóònù yín ò lọ. Èmi ni mo wá fa ìlà eré sísá fún ọmọ yín. Mo bẹ̀rẹ̀ títí ẹ̀yìn mi fi ń dùn mí. Gbogbo ẹfun tí mo rí rà ló wà lẹ́sẹ̀ yín yẹn."

Mo ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kó lọ sáré lójú títì?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tírélà yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́. Èmi náà bí obìnrin, Mọ́mì."

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ìdáhùn àdúrà mi wà nínú fóònù tí mo pa nítorí àdúrà. Èyí tó sì wà lórí ilẹ̀, mo ti fi ẹsẹ̀ nù ún kúrò. Kóòṣì ní kí n dìde, pé ìkúnlẹ̀ kì í fa ìlà.

Sátidé ìmọ́tótó ni. Kò sí ìsọ̀ kan tó ṣí, a kò lè ra ẹfun mìíràn. Mẹ́gáàdì ló rántí ilé búrẹ́dì tó wà lẹ́yìn ọgbà, tí wọ́n ń fi igi dáná. A lọ tọrọ eérú. Àwọn obìnrin àdúrà ń fi ọpọ́n ru ú, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń ta okùn, a ń wọ́n eérú tẹ̀lé e. Aṣọ funfun wa di aṣọ alágbẹ̀dẹ. Bí ọkùnrin yunifásítì náà ṣe dé lẹ́yìn ìmọ́tótó, a ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ìlà tó kẹ́yìn ni, mo sì mí kanlẹ̀.

Èmi tí mo mí kanlẹ̀ yìí ti gbàgbé òróró. Eérú ti bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn ọmọ tò. Ìyá Tóyìn dúró ti ògiri. Láti ibi iṣẹ́ alẹ́ ló ti ń bọ̀, kò tíì sùn. Wọ́n fọn fèrè. Tóyìn gbé ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ náà sì yọ̀ gẹ̀rẹ̀, ó fi orúnkún méjèèjì gúnlẹ̀. Àwọn yòókù ti lọ. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ṣì ń rí ọwọ́ yẹn dòní.

Ọkùnrin náà tẹ̀ ba, ó fi ìka kan ilẹ̀. "Òróró? Ta ló da òróró síbí?"

Gbogbo ẹgbẹ́ àdúrà ń wo ojú ọ̀run. Mo ní, "Èmi ni, sà. Mo fi súre fún ọmọ náà ni."

"Ẹ fi òróró súre fún ẹni tó fẹ́ sáré?"

Kóòṣì Ràṣídì ló bọ́ síwájú. "Sà, ẹ dákun. Ọmọ lẹ wá wò, kì í ṣe Mọ́mì. Ẹ jẹ́ kí a da yanrìn sí i, kí gbogbo wọn tún un sá." Ẹnu rẹ̀ ló ṣì wà tí ọmọ tó ń ṣọ́ gólì fún un ti gbé yanrìn dé.

Ọkùnrin náà gbà. Tóyìn tún tò, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórúnkún rẹ̀. N kò gbàdúrà sókè nígbà yìí. N kò gbẹ́kẹ̀ lé ara mi mọ́. Wọ́n fọn fèrè, ọmọ náà sì fò bí ọfà. Kò sí ẹni tó tún rí i àfi lẹ́yìn. Ọkùnrin náà rìn lọ bá ìyá rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ lọ wá àpótí tí yóò kó ẹrù sí." Obìnrin náà rọra jókòó sílẹ̀ nínú eérú, ó ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ló pariwo ayọ̀ jù.

N kò ní sọ pé láti ọjọ́ náà ìjà ti tán. Bọ́ọ̀lù ti bà mí lẹ́yìn lórí pápá yẹn, àwọn ọmọ mi náà sì ti fi bàtà eléékánná ha koríko Kóòṣì. À ń jiyàn, à ń pín àsìkò. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ìlú fi owó kọ́, gbogbo ìlú ló gbọ́dọ̀ gbà. Bó bá há, kí a sún mọ́ ara wa. Ẹ̀kọ́ tèmi tún ju ìyẹn lọ: mo fi ààwẹ̀ bá ẹni tí Ọlọ́run ti rán sí mi jà. Ká ní mo kọ́kọ́ lọ kí i nílé ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ìbá má dùn ún lásán. Bí mo bá rántí, mo máa ń rẹ́rìn-ín, ojú á sì tún tì mí nídìí ẹ̀rín náà.

Ìwọ tí o ka ìwé yìí, kí Ọlọ́run fún ọ ní aládùúgbò tí yóò ṣe ohun tí o ń tọrọ kí o tó tọrọ rẹ̀ tán. Kí ẹsẹ̀ rẹ má sì pa ohun tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti ṣe fún ọ rẹ́. Àmín.