Kọ́ìnì Olórí Méjì

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ ń gbàdúrà kó kúrò. Sátidé ni. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi mí jẹ díákónì ní ìjọ wa ní Elekahia, nílùú Port Harcourt. Mo ti gbààwẹ̀, ìyàwó mi sì ti lọ aṣọ funfun mi, ó fi kọ́ sára ògiri. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Àìsàn kan ń ṣe mí nígbà náà, ó ṣì ń ṣe mí. Mo máa ń kó kọ́ìnì tó bàjẹ́ jọ. Kì í ṣe èyí tó dógùn-ún o. Èyí tí ilé iṣẹ́ tó ń rọ owó fi àṣìṣe rọ ni: àwòrán rẹ̀ á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí etí rẹ̀ gé. Ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í ti í fi kọ́ìnì ra nǹkan mọ́, àwọn oníṣòwò Oil Mill Market máa ń wò mí bí ẹni tí ibà ń ṣe tí mo bá béèrè. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni náírà kan tó ní orí èèyàn lójú méjèèjì. Àpò mi ló máa ń wà, bí ẹni gbé fọ́tò ọmọ rẹ̀ kiri.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹgbẹ́ àgbà ọkùnrin fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Èmi ni kápútẹ́nì àwọn àgbà. Ikùn mi ló máa ń kọ́kọ́ débi bọ́ọ̀lù. Rẹfirí ní kí ẹnì kan mú kọ́ìnì wá, ká jù ú láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbá. Gbogbo pápá fọwọ́ bàpò. Kò sẹ́ni tó ní.

"Èmi ní o!" Ẹnu mi ló yá jù.

Kí n tó rántí irú èyí tó jẹ́, ó ti wà lókè. Rẹfirí ní kí n mú ọ̀kan. "Head," ni mo wí. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ẹ̀rù bà mí, ẹnu mi sì sọ ohun tó mọ̀.

Túndé, kápútẹ́nì àwọn ọ̀dọ́, tí wọ́n bí sí Port Harcourt níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ mú un nílẹ̀. Ó yí i. Ó tún un yí.

"Ah-ah! Daddy, this coin get head for both sides o!"

Ọ̀dọ́ kan ké lẹ́yìn: "Na the Daddy wey dem wan make deacon tomorrow be dis?"

Bàbá Ìjọ, tó jẹ́ olórí àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa, dìde lórí àga, wọ́n gbé gíláàsì wọn sójú. "Arákùnrin, kí lèyí?"

"Bàbá, ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ ló ṣàṣìṣe, sà."

"Ilé iṣẹ́ ṣàṣìṣe, ìwọ lo jàǹfààní. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí ti ọ̀la ṣì dúró ná."

Ìgbà yẹn ni ìyàwó mi, tó ti sáré dé ilé wa lẹ́yìn pápá, dé pẹ̀lú agolo mílíìkì tí mo ń kó àwọn kọ́ìnì mi sí. Ó dà á sórí tábìlì iwájú Bàbá Ìjọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ mi ò lè rẹ́ni jẹ. Òun gan-an ni wọ́n ń rẹ́ jẹ. Ẹ wò ó! Owó tó bàjẹ́ ni gbogbo èyí, owó tó dáa ló sì fi rà wọ́n."

Bàbá Ìjọ wo kọ́ìnì, wọ́n wò mí, wọ́n wá wo ìyàwó mi tàánútàánú.

"Ẹni tó ń fi owó gidi ra owó tó bàjẹ́," ni wọ́n wí, "kò ní ọgbọ́n tí yóò fi yan ẹnikẹ́ni jẹ."

Gbogbo pápá ní "Àmín!" Ó yá wọn lára ju bó ṣe yẹ lọ.

Wọ́n mú èyí tí etí rẹ̀ gé díẹ̀ nínú agolo, wọ́n jù ú. Èmi ni mo pàdánù. Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo jẹ díákónì lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí pásítọ̀ bi ìjọ bóyá wọ́n rí ẹ̀tàn lọ́wọ́ mi, "Rárá" ni wọ́n dáhùn, ẹ̀rín sì gba gbogbo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti kọ́gbọ́n: ohun téèyàn bá ń fẹ́ràn níkọ̀kọ̀, kó tètè fi han àwọn ará, kí ó tó fúnra rẹ̀ jáde. Títí dòní, bí wọ́n bá fẹ́ ju kọ́ìnì nínú ìjọ wa, wọ́n á ránṣẹ́ sílé mi. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ni wọ́n máa ń ní kó mú un wá. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu.