Káàdì Ògúnjìnmí

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ bó ṣe jẹ́ tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, "Kí o tó sọ pé irú tìrẹ kò sí, kọ́kọ́ wo àpò aládùúgbò rẹ"? Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n ni, ẹ kò ní máa gbé fóònù yín sókè kí gbogbo ayé lè rí i. Ó dáa, Ògúnjìnmí ló kó wa sí òwe yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ táyà lílẹ̀ ni Ògúnjìnmí ń ṣe ní oríta Ìdí-Ìyeyè. Ó ní ẹ̀rọ kan tó fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. Ẹ̀rọ náà máa ń dún gbùrùgbùrù bí inú ẹni tó jẹ ẹ̀wà àná, ṣùgbọ́n òun nìkan ló wà láti oríta títí dé odò. Ìbáà ṣe táyà ọkọ̀, ìbáà ṣe ti kẹ̀kẹ́, bó bá ti jò, ọ̀dọ̀ Ògúnjìnmí ni. Ẹ̀rọ yìí ló ń bọ́ òun, Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ àti Àrìnpé ọmọ wọn, òun náà ló sì ra páànù tó wà lórí wọn. Sànúsí aránbàtà ni aládùúgbò rẹ̀. Abẹ́ igi ìyeyè kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó sí.

Lọ́jọ́ kan, Ògúnjìnmí ra bisikíìtì. Bó ti já a, káàdì kékeré kan jábọ́ láti inú rẹ̀, àwòrán gólì kan tó fò sókè láti mú bọ́ọ̀lù ló wà lára rẹ̀. Ì bá jù ú nù. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àna rẹ̀ tó wà nílùú òyìnbó pè é, tó ní ọkùnrin kan lọ́hùn-ún ta káàdì agbábọ́ọ̀lù, ó sì fi owó rẹ̀ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ara Ògúnjìnmí ò gbà á mọ́. "Sànúsí! Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi rèé! Irú ẹ̀ ò sí!"

Sànúsí wò ó, ó ki ọwọ́ bọ àpò. "Ẹ̀gbọ́n, káàdì yẹn, èmi náà..."

"Yọwọ́ ńbẹ̀! Ìwọ tí gọ́ọ̀mù kún gbogbo ìka ẹ! Ṣé o fẹ́ ba pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi jẹ́ ni?"

Sànúsí yọ ọwọ́ rẹ̀ lófìfo. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Bí nǹkan bá ti níyì lójú wa, a ò ní jẹ́ kó sinmi. Ògúnjìnmí gbé káàdì lọ sí kóòtù, ó ní kí akọ̀wé bá òun tẹ òǹtẹ̀ sí i pé òun ló ni ín. Akọ̀wé ò bèèrè ohun tó jẹ́. Ó tẹ òǹtẹ̀ gbàmù, ó bá gólì lójú. Ògúnjìnmí lọ ya fọ́tò pélébé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn káàdì kí olè má baà sọ pé tòun ni. Ó tẹ̀ka sí i. Lẹ́yìn náà ló wá ní kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó pinpin bí ìwé-ẹ̀rí, torí ohun tí wọn ò bá fi ọ̀rá bò, ṣé ìyẹn náà lè níyì?

Àdúgbò gbọ́. Onílé tó ń pè é ní "ìwọ elétáyà" tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "Bàbá Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì." Wọ́n fi í ṣe alága àdúgbò, wọ́n sì ní kó wá sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe ń là. Ó sì sọ ọ́! Ó ní, "Sùúrù ni, àti bisikíìtì."

Ṣé alága á wá máa kúnlẹ̀ tú táyà ni? Níṣojú gbogbo wọn, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ fún Sànúsí. Ó ní, "Gbà, mo fi ta ọ́ lọ́rẹ."

Àṣàbí káwọ́ lérí. "Bàbá Àrìnpé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ta káàdì yẹn ná. Kí la ó máa jẹ?"

"Ìwọ obìnrin yìí, o ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, o tún ń bèèrè oúnjẹ?"

Sànúsí dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Bó ti dìde, ó tún ki ọwọ́ bọ àpò. "Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú oore tẹ́ ẹ ṣe mí yìí, ó yẹ kí n fi nǹkan kan hàn yín..."

"Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ. Yọwọ́!"

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Ògúnjìnmí wọ agbádá, ó lọ sí ìgboro lọ́dọ̀ Àǹtí Mojírádé, obìnrin tó ń ra irú káàdì bẹ́ẹ̀, tó sì mọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó. Èèyàn méje bá a lọ kí wọ́n lè bá a gbé owó.

Àǹtí Mojírádé wo káàdì náà níwá, ó wò ó lẹ́yìn. "Ta lèyí lẹ́yìn?"

"Èmi ni."

"Ta ló tẹ òǹtẹ̀ sí gólì lójú?"

"Ìjọba ni."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó fa àpò ìrẹsì kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó dà á sílẹ̀. Gólì, gólì, gólì! Gbogbo wọn fò sókè, kò sì sí èyí tó tíì mú bọ́ọ̀lù nínú wọn.

"Bàbá, ohun tó bá pọ̀ kì í wọ́n. Nínú bisikíìtì mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ló ní in. Bí tiyín bá mọ́, ǹ bá fún yín ní súìtì kan. Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ eléyìí di káàdì ìdánimọ̀."

Kí Ògúnjìnmí tó yíjú, àwọn méje ti wọ ọkọ̀ lọ.

Nígbà tó padà dé ìdí ìyeyè, ọkọ̀ mẹ́rin tò síwájú Sànúsí, ẹ̀rọ ń dún gbùrùgbùrù. Sànúsí ń lẹ bàtà kan lọ́wọ́. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ káàdì kan jáde, ó fi bu gọ́ọ̀mù, ó ń fi tẹ́ ẹ sára bàtà. Gólì náà ni!

"Sànúsí! Láti ìgbà wo lo ti ní in?"

"Láti èṣí, ẹ̀gbọ́n. Ó dáa fún gọ́ọ̀mù gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fẹ́ fi hàn yín, ẹ ní kí n yọwọ́."

Ògúnjìnmí nawọ́ sí ẹ̀rọ náà. "Àbúrò mi, ẹ̀rọ yẹn... o ò ṣe kúkú dá a padà? Ẹ̀rọ lásán ni ṣá."

Sànúsí fọwọ́ pa ẹ̀rọ náà lórí. "Lásán kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, mo ti wo ọ̀dọ̀ gbogbo aládùúgbò títí dé odò. Irú ẹ̀ ò sí. Ṣùgbọ́n mo ń wá ẹni tí yóò máa bá mi di táyà mú."

Títí dòní, Ògúnjìnmí ló ń di táyà mú níbẹ̀. Ó so káàdì rẹ̀ kọ́rùn kí àwọn oníbàárà lè mọ̀ pé òṣìṣẹ́ Sànúsí ni. Fọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ ìjọba náà ò sì parẹ́. Bí ẹ bá bi í léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí, á gbójú sókè láti ìdí táyà, á ní: "Kí o tó sọ pé irú tìrẹ kò sí, kọ́kọ́ wo àpò aládùúgbò rẹ."